Ṣampú wo ni ó yẹ irun tí a fi dáì sí, kí dídán rẹ̀ má baà tán kí Ojúde Ọba tó dé?

Ọmọ Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ irun ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn bá mi dá sí i, nítorí pé owó tí mo ti fi ṣòfò lórí rẹ̀ ti tó gẹ́ẹ́. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí onídìrí kan fi dáì aláwọ̀ wáìnì sí irun mi, kí ó lè bá aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ojúgbà, dá lọ́dún náà mu. Irun tí a ti fi rìlásà sí ni. Lọ́jọ́ tí mo dìde lórí àga, irun náà ń dán débi pé obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dá mi dúró ní Ìta-Àlẹ̀ láti bi mí pé ta ni ó ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń bu ṣampú láti inú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tí kò ní àkọlé kankan lára. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù jẹ́ nílé, tí mo fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, àwọ̀ wáìnì ti di àwọ̀ èèpo kòkó tí ó ti gbẹ, irun sì rí ganganran bí kànrìnkàn tí a gbàgbé sórí ògiri balùwẹ̀. Gèlè ni ó bò mí láṣìírí.

Lọ́dún yìí mo tún fẹ́ ṣe é. Ẹnì kan ní kí n lọ ra irú ṣampú tí àwọn onídìrí tó mọṣẹ́ ń lò, èyí tí owó ike rẹ̀ kan tó ti ike mẹ́rin tí a ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣé lóòótọ́ ni ó yàtọ̀, àbí orúkọ ni a ń san owó fún? Kí ni ó yẹ kí n máa wò lẹ́yìn ike? Àwọn orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ gùn débi pé kí n tó ka èyí tí mo wà lórí rẹ̀ tán, mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Alátẹ Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni mo ń ta ìpara àti ṣampú, nítorí náà kí ẹ máa rántí bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi pé oníṣòwò ni ó kọ ọ́. Oníbàárà tí ó bá dé ìdí àtẹ mi, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣe: yóò ṣí ọmọrí ike, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì bi mí bóyá ó ń hó dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó lè sọ fún un bóyá àwọ̀ irun rẹ̀ yóò dúró. Èyí tí ó ń hó jù lórí àtẹ mi ni ti kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, òun náà ni ó sì dínwó jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn onídìrí kọ́kọ́ sọ tiwọn, n ó padà wá sórí ọ̀rọ̀ owó.

Onídìrí Ìkẹ́nnẹ́

Àǹtí Mọ̀lípà, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe irun ní Ìkẹ́nnẹ́, lójú tèmi, kì í ṣe dáì ni ó ṣẹ̀ yín. Ẹ wo fọ́nrán irun kan bí ẹ ṣe ń wo ara ẹja. Ìpẹ́ tín-ín-rín ni ó bò ó láti ìdí títí dé ṣóńṣó, ọ̀kan gun ọ̀kan lórí. Bí àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí bá sùn sílẹ̀ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà lé wọn yóò ta padà sójú ẹni tí ń wò ó. Ohun tí a ń pè ní dídán nìyẹn. Bí wọ́n bá dìde, tàbí tí wọ́n bá ti ṣí kúrò, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, irun yóò sì ṣú, ìka ọwọ́ pàápàá yóò mọ̀ pé ó ń ha. Ìdí nìyẹn tí irun tó nà fi ń dán ju irun tó ká kókó lọ, bí a tilẹ̀ tọ́jú méjèèjì bákan náà, nítorí pé orí ohun tó tẹ́jú ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà dáadáa.

Dáì tí kì í tètè ṣí kì í jókòó sórí ìpẹ́. Inú irun lọ́hùn-ún ni ó wà. Àmóníà ni ó ń gbé ìpẹ́ náà dìde. Dẹfẹ́lópà, ìyẹn háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì tí a ń pò mọ́ dáì, yóò wá wọlé, yóò bó díẹ̀ nínú àwọ̀ dúdú tí a bí mọ́ irun náà, yóò sì mú kí àwọn ẹyọ dáì kéékèèké so mọ́ra wọn di ńlá níbẹ̀, kí wọn má baà rọrùn láti jáde mọ́. Ìgbàkígbà tí a bá tún gbé ìpẹ́ dìde lẹ́yìn náà, yálà pẹ̀lú omi gbígbóná tàbí pẹ̀lú ọṣẹ líle, ni wọ́n ń bá omi lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo àwọ̀, pupa àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ń ṣá jù. Ẹni tí ó bá yan wáìnì ti yan iṣẹ́ fún ara rẹ̀.

Mo fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀ tí ṣampú ń mú wá, nítorí pé àwo funfun ni mo fi ń gba omi nídìí àga tí a ti ń fọ irun. Ọmọbìnrin kan tí mo fi dáì pupa sí irun rẹ̀ mú ṣampú tirẹ̀ wá láti ilé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí a ti da omi sí i, omi inú àwo pọ́n bí sóbò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi èyí tí mo ń lò fún irun aláwọ̀ fọ̀ ọ́, omi tí kò gbóná ni mo sì lò. Omi náà pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi tí a fi ṣan ife sóbò ni. Ẹ má gba ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ṣampú kan wà tí kì í mú àwọ̀ jáde rárá, nítorí pé omi lásán pàápàá ń mú un jáde.

Ọ̀nà tí a ń gbà fọ̀ ọ́ sì ń bẹ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣan dáì kúrò lọ́jọ́ tí a ṣe é, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí ó tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ṣampú tó kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún irun tiwa, ẹlòmíràn tilẹ̀ lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Awọ orí ni ẹ ó fi ṣampú ra, kì í ṣe ṣóńṣó irun, nítorí pé ibẹ̀ ni òógùn àti ìdọ̀tí wà. Ìfófòó tí ó bá ṣàn kọjá lórí ṣóńṣó ti tó fún un. Ẹ fi kọndíṣánà sí i, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sì fi omi tútù ṣan án. Ẹ má fi táwẹ́lì gbo irun bí ẹni ń gbo aṣọ. Ẹ fún omi rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ òwú tó ti gbó.

Mo tún fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi rìlásà àti dáì sí irun yín?

Ọmọ Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ kan náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n má baà wá lẹ́ẹ̀mejì.

Onídìrí Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti fura. Rìlásà fúnra rẹ̀ ti gbé ìpẹ́ dìde ju bí àmóníà ṣe lè gbé e lọ. Ẹ fi rìlásà sí i lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó fi dáì sí i. Lọ́jọ́ rìlásà, ẹ rí i dájú pé wọ́n fi ṣampú tí ń pa agbára rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú irú ṣampú bẹ́ẹ̀ ni ìfófòó rẹ̀ máa ń pọ́n bí òdòdó níwọ̀n ìgbà tí rìlásà bá ṣì kù nínú irun, tí yóò sì di funfun nígbà tí ó bá ti tán. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ṣan yín kúrò lórí àga nígbà tí ìfófòó bá ṣì pọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ rìlásà ni ti ṣampú náà. Kì í ṣe òun ni ẹ ó máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún nìyí, kí n tó gbàgbé: bí ẹ bá ti fi làálì sí irun yín rí, pàápàá èyí tó wà nínú páálí, ẹ sọ fún onídìrí. Àwọn kan ní èròjà irin nínú, kì í sì í bá dẹfẹ́lópà rẹ́.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi fi fọ orí mi, òun ni mo fi fọ orí ọmọ mẹ́fà, kò sì sí èyí tí irun rẹ̀ kò dán nínú wọn. Àdí tí mo ń fi pa á lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán kò ní orúkọ gígùn kankan lẹ́yìn ìgò. Mo kàn ń wo gbogbo yín ni, bí ẹ ti ń fi owó ra omi olóòórùn dídùn.

Tíṣà Ìmùṣin

Ìyá wa, ẹ ó pẹ́ fún wa o. Òtítọ́ ni ẹ sọ, kò sì ta ko ohun tí Àǹtí onídìrí wí. Irun tí kò ní dáì nínú kò ní àwọ̀ tí yóò sọnù, àdí tí ẹ sì ń fi pa á ni ó ń mú kí ìpẹ́ tí ọṣẹ ti gbé dìde sùn padà. Ìyàtọ̀ wà fún irun tí a ti fi dáì sí, eérú ni ó sì fà á.

Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a jó di eérú ni a ń sẹ́ omi rẹ̀ láti fi se ọṣẹ dúdú. Irú omi eérú bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláró fi ń mú kí ẹlú yọ̀ǹda àwọ̀ rẹ̀ kí aṣọ lè mu ún. Àmóníà tó wà nínú dáì kì í ṣe eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Bí a bá wá ń fi ohun tí ó jọ èyí tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọ̀ láti wọlé fọ irun náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilẹ̀kùn kan náà ni a ń ṣí fún un láti jáde.

Òdìkejì eérú ni kíkan. Ẹni tí ó bá ti da omi tútù sí gàrí Ìjẹ̀bú gidi mọ kíkan tí mo ń wí. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn méjèèjì ni à ń pè ní pH. Omi tí kò sí níhà èyíkéyìí wà lórí 7. Bí nọ́mbà bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i, bí ó bá sì ti ń gòkè ni ó ń sún mọ́ ìhà eérú. Awọ orí wà ní nǹkan bí 5.5, fọ́nrán irun sì wà ní nǹkan bí 3.67. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà ní nǹkan bí 9 tàbí 10. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá, nítorí pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí jẹ́.

Èyí ni ó mú mi dé ìbéèrè Àǹtí Mọ̀lípà nípa ṣampú àwọn onídìrí. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Brazil gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n wọn pH irú ṣampú 123. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni kò kọjá 5.5. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tí a ṣe fún lílò ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí sọ́tọ̀, 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò kọjá 5.0. Nítorí náà ìyàtọ̀ wà, kì í ṣe orúkọ nìkan. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olówó gọbọi náà kò dé ibẹ̀, àti pé a rí nínú àwọn ti ojú ọjà tí ó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ fúnra yín, ẹ wá ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yí àwọ̀ padà, èyí tí a fi ń wọn pH. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi po ṣampú mẹ́ta mọ́ omi lọ́jọ́ kan, a sì ri ìwé náà bọ̀ wọ́n. Méjì yọ àwọ̀ òféfèé tí ó fi hàn pé wọ́n wà láàárín 5 sí 6. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bù wá nínú ìgò omi láti inú kẹ́ẹ̀gì ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, di àwọ̀ ewé tó ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọṣẹ ìfọṣọ. Ọmọ náà ní kí a má sọ fún ìyá òun.

Ní ti àkọlé ẹ̀yìn ike, àwọn orúkọ márùn-ún àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbájú mọ́, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣíwájú. Omi, tí wọ́n ń kọ ní Aqua tàbí Water, ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ Sodium Lauryl Sulfate, èròjà ìfọ̀ tó lágbára, ni ó tẹ̀ lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí irun rẹ̀ kò ní àwọ̀. Sodium Laureth Sulfate, tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ìṣáájú, rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Àwọn tí mo máa ń fẹ́ rí níbẹ̀ ni Sodium Cocoyl Isethionate, Decyl Glucoside àti Cocamidopropyl Betaine, nítorí pé ọwọ́ wọn kò le lára irun. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Sulfate-Free, ìyẹn pé kò ní irú àwọn sulfate méjì àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ike tàn yín jẹ. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Sodium C14-16 Olefin Sulfonate, tí kì í ṣe sulfate lóòótọ́, tí ẹni tí ó ṣe ṣampú náà kò sì purọ́, ṣùgbọ́n tí agbára ìfọ̀ rẹ̀ kò rẹlẹ̀ rárá.

Bàbá Ewú, Ṣágámù

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan náà yọjú. Ewú ni èmi ń fi dáì bò. Kí n tó béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè, ẹ gba ìkìlọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Mo ti lo dáì dúdú oníyẹ̀fun fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà, kí ó tó di ọjọ́ kan tí ojú mi wú débi pé n kò rí òdìkejì títì. Dókítà sọ fún mi pé èròjà tí wọ́n ń pè ní PPD ni ara mi kọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé a máa ń fi díẹ̀ nínú dáì sí ẹ̀yìn etí tàbí sí inú ìgbọ̀nwọ́, kí a sì dúró fún wákàtí 48 kí a tó fi sí orí, bí a tilẹ̀ ti lò ó rí.

Ìbéèrè mi nìyí. Láti ìgbà tí a ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé wa, ṣampú kì í hó bí ó ti yẹ mọ́, irun mi sì máa ń dà bí èyí tí eruku bà lé, bí mo tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán. Ìdí kẹ́tù wa náà ti ní ohun funfun tí kì í ṣí. Ṣé omi lè ba irun jẹ́ ni?

Tíṣà Ìmùṣin

Bàbá, ìdí kẹ́tù yín ti dá yín lóhùn. Lábẹ́ ilẹ̀ Ṣágámù ni òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà, omi tí ó bá sì ti gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń gbé nǹkan rẹ̀ dání. Òun ni ó ń gbẹ sí ìdí kẹ́tù, òun náà ni ó ń gbẹ sára irun tí kì í jẹ́ kí ó dán. Irú ṣampú kan wà tí a ṣe láti fa nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ ó rí EDTA nínú àkọlé rẹ̀, wọ́n a sì kọ ọ́ síwájú pé ó wà fún omi líle. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, nítorí pé òun náà kì í fojú rere wo àwọ̀.

Onídìrí Ìkẹ́nnẹ́

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ gbé korobá síta nígbà tí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀ tí ó ti fọ páànù mọ́. Omi òjò ni mo fi ń ṣan irun àwọn oníbàárà mi tí ó ní dáì ní gbogbo àsìkò òjò, n kò sì tíì rí èyí tí ó ráhùn. Ẹ tún ṣọ́ra fún kànga tí omi rẹ̀ ń pọ́n bí ó bá sùn mọ́jú nínú korobá. Ìpẹtà irin ni, ó sì máa ń sọ irun aláwọ̀ góòlù di àwọ̀ páànù tó dógùn-ún.

Ọmọ Ìpẹ̀rù

Àwọ̀ góòlù tí ẹ dárúkọ yìí ni ó mú mi wọlé. Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, mo bó o, mo sì sọ ọ́ di góòlù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èèpo ọsàn. Wọ́n ní kí n ra ṣampú elésè àlùkò. Mo rà á, mo fi pa orí, mo jókòó ti fóònù, ìpè kan gùn títí di ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ṣan án kúrò, iwájú orí mi ti di elésè àlùkò fúnra rẹ̀, ọjọ́ kejì sì ni ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ṣampú náà ni kò dára ni, àbí èmi?

Onídìrí Ìkẹ́nnẹ́

Ṣampú náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àǹtí. Fóònù ni ó jẹ̀bi. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, irun tí a ti bó sì máa ń mu nǹkan kíákíá bí ilẹ̀ gbígbẹ. Elésè àlùkò wà fún irun tí ó ń di ìyeyè. Irun àwa aláwọ̀ dúdú tí a bó sábà máa ń pọ́n bí ọsàn kí ó tó di ìyeyè, èyí tí ó sì ń pa ti ọsàn ni ṣampú aláwọ̀ búlúù. Kò sí èyí nínú méjèèjì tí ó lè rọ́pò ṣampú tí ẹ fi ń fọ irun. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ máa lò ó.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ohun tí ń bo irun, dídán tí ẹ máa ń rí lójú ẹsẹ̀ lára àwọn ṣampú kan, sílíkóònù ni. Ẹ ó rí Dimethicone lẹ́yìn ike. N kò bá a jà. Ó ń bo ìpẹ́ tó ti ṣí, irun á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń kó jọ, ṣampú tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ kì í sì í lè fọ̀ ọ́ tán, nígbà tí ó bá sì ti pọ̀, irun a wúwo, a sì ṣú. Bí tiyín bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣampú tí ó lágbára fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ ṣe é kí dáì tuntun tó wọ inú irun, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Alátẹ Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ní n ó padà wá sórí owó. Kí ẹ tó ra ike, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ wo ìdè ọmọrí rẹ̀. Ike tí a ti tún nǹkan rọ sí kì í sábà ní ìdè, àkọlé rẹ̀ a sì máa ká létí bí ìwé tí omi kàn. Bí ẹ bá gbọ́n ọn, tí ó ń dún pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀ bí omi, wọ́n ti bu omi mọ́ ọn.

Nípa wíwọ́n rẹ̀, ẹ má ṣe fi ike wé ike. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn onídìrí sábà máa ń ki, ìwọ̀n tí ó kún ojú owó ẹyọ kan sì tó fún irun tó dé èjìká bí ẹ bá kọ́kọ́ po ó mọ́ omi ní àtẹ́lẹwọ́. Àwọn oníbàárà mi kan ń fi ike kan lo oṣù mẹ́rin. Bí owó bá sì ṣòro, àmọ̀ràn tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n ra ṣampú tí kò wọ́n, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí Tíṣà ṣe wí, kí wọ́n sì fi owó tó kù ra kọndíṣánà gidi. Ọ̀gá mi tí ó kọ́ mi ní ọjà kì í fẹ́ kí n sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará wa. Mo jẹ́ kí ó pẹ́ kí n tó padà wá kí n lè ní ohun tí n ó sọ. Mo fi rìlásà sí irun, mo dúró fún ọjọ́ méjìdínlógún, mo tún yẹ ara mi wò lẹ́yìn etí fún wákàtí 48 nítorí ọ̀rọ̀ Bàbá Ewú, lẹ́yìn náà ni mo fi dáì wáìnì sí i. Onídìrí fẹ́ lo dẹfẹ́lópà 40, tí ó jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí ó fún mi ní 20, tí ó jẹ́ ìdá 6. Àwọ̀ náà kò tàn tó ti ọdún tó kọjá, mi ò sì jiyàn, ṣùgbọ́n irun kò ha mí lọ́wọ́.

Ṣampú tí mo rà kì í ṣe èyí tó wọ́n jù. Decyl Glucoside ni ó ṣìkejì omi lẹ́yìn rẹ̀, ìwé Tíṣà sì fi hàn pé ó wà ní 5. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú báàgì mi. Ọmọ iṣẹ́ ti bu ti kẹ́ẹ̀gì sọ́wọ́ kí ó tó rí mi, mo sì ní kí ó jọ̀wọ́ da á padà. Ọ̀gá rẹ̀ bojú wò mí bí ẹni tí mo bú, ṣùgbọ́n kò wí nǹkan kan. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, omi òjò ni mo sì fi ṣan án ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, omi àwo pọ́n díẹ̀. Ní ìgbà kẹta, mo ní láti gbé àwo sí ojú oòrùn kí n tó mọ̀ pé ó pọ́n rárá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi dé láti Èkó lánàá, irun rẹ̀ pọ́n bí iṣin, ó sì ti na ọwọ́ sí igbá ọṣẹ mi. Mo gba á lọ́wọ́ rẹ̀. Alátẹ, orúkọ ike tí ó ní Decyl yẹn, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí kí n rán an wá ra ọ̀kan ní ọjọ́ ọjà. Kékeré ni kí ẹ fún un. Ọṣẹ mi ṣì wà níbẹ̀ fún orí tèmi.